Bí A Ṣe Ń Wọn Òwò Tó Wà Nídìí Eré Ìdárayá, àti Ohun Tó Ń Fi Kún Ọrọ̀ Ajé Ìlú

Lọ́jọ́ tí Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, aago mẹ́rin kò tíì lù tí ọ̀nà Adámásìngbà fi máa ń dí. Ọlọ́jẹ́sì á ti na okùn láti òpó iná kan sí èkejì, ẹlẹ́pà á ti gbé igbá kalẹ̀, ọlọ́kadà á ti fi owó lé owó. Bó bá di alẹ́, ẹnì kan á bọ́ sórí rédíò, á ní bílíọ̀nù lọ́nà báyìí-báyìí ni bọ́ọ̀lù ń mú wọ Ìbàdàn lọ́dún. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe kà á. Á ní ṣé ẹ̀yin ò rí èrò ni.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tó ti àpò kan bọ́ sí àpò kejì kò tíì di ọrọ̀ tó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn olókòwò inú eré ìdárayá ń fi kún ọrọ̀ ajé, àfi kó jókòó kà á. Mo ti kà á rí ní àdúgbò méjì. Mo ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, oníròyìn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá.

Ẹ ó nílò ẹni méjì, fóònù kan, ìwé àjákọ, àti oṣù mẹ́ta gbáko kí ẹ tó sọ iye kankan fún ẹnikẹ́ni. KoboToolbox wúlò fún irú iṣẹ́ yìí, torí ó ń gba ìdáhùn sórí fóònù kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, bírò ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pààlà kí ẹ tó jáde nílé

Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù wà nínú òwò eré ìdárayá, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó ń ta búùtù ńkọ́? Ẹni tó ń ta epo tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Bí ẹ kò bá pààlà, gbogbo Ìbàdàn ni yóò wọnú ìwé yín.

Àwọn ará Yúróòpù ti ja ìjà yìí ṣáájú wa. Ní 2007 wọ́n fẹnu kò sórí ohun tí wọ́n ń pè ní ìtumọ̀ Vilnius: agbo mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Agbo inú pátápátá ni ti àwọn tí eré gan-an jẹ́ iṣẹ́ wọn, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti pápá tí wọ́n ń yá ní wákàtí-wákàtí. Agbo kejì kó ohun tí eré kò lè wáyé láìsí i mọ́ ọn: búùtù, jẹ́sì, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Agbo kẹta wá kó òwò tí kò lè dúró bí kò bá sí eré: ilé ìwòran, ilé tẹ́tẹ́, ètò eré ìdárayá lórí rédíò. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí agbo kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, torí owó ilé tẹ́tẹ́ nìkan lè gbé gbogbo yòókù mì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún òwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlànà kan tó ń jẹ́ ISIC, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò káàkiri ayé fi ń to òwò. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin (Rev. 4), 9311 ni pápá àti gbọ̀ngàn eré, 9312 ni ẹgbẹ́ eléré, 9319 ni iṣẹ́ eré yòókù, 8541 ni ilé ẹ̀kọ́ eré, 3230 ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò eré, 9200 ni tẹ́tẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré wà ní 4763. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tó pàtẹ búùtù sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà bọ́ sí 4782, níbi tí wọ́n kó aṣọ àti bàtà orí ìpàtẹ jọ sí. Nínú ìwé ìṣirò, ó ti di aláṣọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí òwò eré wa fi máa ń kéré lójú ìwé ju bó ṣe rí lójú títì lọ. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀; èmi máa ń fi í sí 9329, láàárín àwọn ìgbafẹ́ tó ṣẹ́ kù.

Ẹlẹ́pà tó máa ń wá lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù nìkan, ẹ ka ọjà ọjọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni olókòwò, ta ni òṣìṣẹ́?

Ìbéèrè kan ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: bí nǹkan bá dàrú lọ́la, àpò ta ni yóò gbọgbẹ́? Kóòṣì Shooting, owó oṣù ló ń gbà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ẹgbẹ́ náà. Lóòótọ́ òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, owó tí ìjọba ń fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ kì í ṣe owó ọjà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má pè é ní òwò.

Ẹ wá wo Ìkẹ́nnẹ́. Kunle Soname ló dá Remo Stars sílẹ̀, owó aládàáni ló ń gbé e, ẹgbẹ́ náà sì gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ òwò tí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé. Ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn ògiri pápá ni àwọn olókòwò wà, ibẹ̀ ni kí ẹ wá wọn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí iye yín ṣeé fi wé ti ibòmíràn, ẹ tẹ̀ lé ìlànà Global Entrepreneurship Monitor, tó ti ń ṣe ìwádìí yìí láti 1999. Àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 64 ni wọ́n ń bi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé òwò kalẹ̀, tàbí tí òwò tó ni tó sì ń darí kò tíì pé oṣù 42, òun ni wọ́n ń kà sí olókòwò tuntun. Ọjọ́ orí òwò kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn: ọjọ́ tó kọ́kọ́ sanwó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ni ín, ni wọ́n ti ń kà á. Nítorí náà ẹ má béèrè pé “Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?” Àwọn míì á ní láti kékeré. Ẹ béèrè pé: “Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mú owó nínú ọjà yìí lọ sílé fún oúnjẹ?” Ìyẹn kì í ṣòro rántí.

Ẹ tún bi í bóyá àǹfààní ló rí tó fi bọ́ sí i, tàbí iṣẹ́ ni kò rí. Ìdáhùn méjèèjì lè tinú ẹnu kan jáde. Ẹ kọ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fẹsẹ̀ rìn ín

A kì í ka ọmọ fún olọ́mọ. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó mú bírò jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tèmi, mo gbé káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, mo mú pákó ìkọ̀wé lọ́wọ́. Kí n tó parí ìpàtẹ kẹta, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ti ká tapólì wọn. Agbowó-orí ni wọ́n pè mí. Ọjọ́ kejì mo fi káàdì sílé, mo lọ kí alága ẹgbẹ́ wọn, mo ra búùtù ọmọdé kan, mo sì jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó tún kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pín àdúgbò sí òpópónà-òpópónà, kí ẹni méjì rin ọ̀kọ̀ọ̀kan láìgbìmọ̀, kí ẹ wá fi ìwé méjèèjì wéra. Ohun tí ẹnì kan kò rí, ẹnì kejì á rí i. Ẹ rìn ín nígbà mẹ́ta: ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wà ní pápá, ọjọ́ lásán, àti alẹ́ Champions League, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Àwọn òwò kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń yọjú. Èèyàn lè kọjá níwájú ilé wọn ní ọ̀sán láìmọ̀ pé ìjókòó ọgọ́rin ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Nínú ìwádìí SMEDAN (àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò kéékèèké) àti NBS (ilé-iṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà), òwò kéékèèké àti aláàbọ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39 ní 2020, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Irú òwò bẹ́ẹ̀, ojú títì ni wọ́n ti ń rí i.

Fún òwò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó wà, ohun tó ń ṣe, oṣù àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló ni ín, àti iye ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọmọ iṣẹ́ tí kò gbowó: ẹ kà á, ṣùgbọ́n kí ó wà lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ má béèrè pé “Èlò lẹ ń pa lóṣù?” Ẹni tó rò pé ẹ fẹ́ bu owó orí fún òun á dín in kù. Ẹni tó rò pé ẹ fẹ́ pín owó ìrànwọ́ á dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò rò nǹkan kan kò mọ̀ ọ́n gan-an, torí àpò ọjà àti àpò ilé kì í yàtọ̀. Ọjà ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe owó. Ìgbà wo lẹ gbé àpò tó kẹ́yìn? Mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló gbà kó tó tán?

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ pápá ń pè ní Ìyá Búùtù. Àlòkù ló ń tà. Bí àpò bá dé, á tú u sílẹ̀, á ju èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò láàárín eyín búùtù. Ẹrẹ̀ ìlú òyìnbó ni, tó ti gbẹ bí àmọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fọ̀ ọ́, á fi bébà ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀ kó má bàa wọ́, á tò ó láti kékeré sí ńlá. Mo kí i pé, “Màmá, ọjà á tà o.” Ó ní, “Àṣẹ, ọmọ mi. Ṣé wọ́n tún ní kí ẹ wá kà wá ni?” Lọ́jọ́ tó gbà láti bá mi ṣí ìwé, ọ̀nà tí a fi ṣírò rẹ̀ nìyí. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo kọ síbí, mi ò ní tú àṣírí ọjà rẹ̀ síta.

Ká ní ó ra àpò kan ní 240,000 náírà, búùtù ẹlẹ́sẹ̀ méjì-méjì 60 sì wà nínú rẹ̀. Ó ta 50 ní 9,000 níkọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 450,000. Mẹ́wàá ti ya, ó ta wọ́n fún àwọn aránbàtà ní 1,500 níkọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 15,000. Àpapọ̀ owó tó wọlé jẹ́ 465,000. Ẹni tó wà lórí rédíò, iye yìí ló máa gbé jáde. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kúrò: àpò 240,000, ọkọ̀ 12,000, gọ́ọ̀mù àti okùn 8,000, ọṣẹ àti omi 5,000. Wọ́n jẹ́ 265,000. Ó ku 200,000. Èyí ni iye tí òwò rẹ̀ fi kún ọrọ̀ ajé. Òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ọmọ tó ń bá a fọ búùtù gba 40,000 nínú rẹ̀. Ẹ má yọ ìyẹn kúrò. Owó iṣẹ́ wà lára ohun tí òwò fi kún ọrọ̀ ajé, kì í ṣe ohun tó rà níta. Mo ṣe àṣìṣe yìí nínú ìwé mi àkọ́kọ́, ó sì sọ gbogbo òwò tó ní ọmọ iṣẹ́ di òwò tí kò níláárí.

Kí ló dé tí a ò fi ka 465,000? Torí pé ẹni tó ta àpò fún un, a ti ka owó tirẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà, a ti kà á. Bí a bá ka owó kan náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ìlú á dà bí olówó lójú ìwé, ebi á sì máa pa á. Ohun kan tún wà: ẹ má bi í ibi tí àpò náà gbà wọlé. Àlòkù aṣọ wà lára ohun tí kọ́sítọ̀ọ̀mù fòfin dè, ẹni tó ń tà á mọ̀, bí ẹ bá sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Kútọnú, tapólì tún fẹ́ ká nìyẹn.

Ilé ìwòran rọrùn ju búùtù lọ. Ẹ má béèrè, ẹ wọlé, ẹ sanwó, ẹ ka orí. Bẹ́ǹṣì kan ń gba ẹni mẹ́fà. Ẹ ka bẹ́ǹṣì. Ẹ yọ àwọn tí kì í sanwó: ọmọ onílé, ẹni tó bá wọn fa wáyà, àwọn àgbà àdúgbò. Ká ní ẹni 60 san 300 náírà, ó jẹ́ 18,000. Ẹ yọ epo jẹnẹrétọ̀ àti ìpín alẹ́ yẹn nínú owó dẹkódà. Ohun tó kù ni tiwọn. Lálẹ́ tí iná ọba bá wà, èrè á ga sí i, nítorí náà ẹ lọ lálẹ́ tí iná wà àti èyí tí kò sí.

Ilé tẹ́tẹ́ ló ń tan èèyàn jù. Ẹnì kan á ní ṣọ́ọ̀bù òun gba mílíọ̀nù kan lọ́sẹ̀. Owó tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ nìyẹn, kì í ṣe owó òwò. Bí 800,000 bá padà sọ́wọ́ àwọn tó jẹ, 200,000 ló jẹ́ ti òwò, inú ìyẹn ni kọmíṣọ́ọ̀nù ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti máa jáde. Kọmíṣọ́ọ̀nù yẹn ló dúró ní àdúgbò. Èyí tó kù ti bá wáyà lọ sí ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ padà lọ

Ìkà ẹ̀ẹ̀kan kò sọ nǹkan kan nípa olókòwò. Ó kàn ń sọ ẹni tó wà lórí ìdúró lónìí. Ẹ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún padà lẹ́yìn ọdún kan. Mélòó nínú àwọn àkọ́kọ́ ló ṣì wà? Mélòó ló jẹ́ tuntun? Mélòó ló ti gba ènìyàn kún ènìyàn? Bí ẹ kò bá rí ẹnì kan, ẹ má kọ ọ́ sí òkú òwò títí ẹ ó fi bi aládùúgbò rẹ̀. Ẹnì kan tí mo ti kọ X pupa sí orúkọ rẹ̀, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, ó ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ sẹ́yìn jẹ́sì.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún òwò tó ń dàgbà kíákíá: kó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀, kó sì máa dàgbà ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ẹ má lò ó ní ẹ̀yìn ògiri pápá. Ẹ kò ní rí ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ká ní kò sí bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ẹ dúró sẹ́nu géètì, ẹ bi òǹwòran ní ìbéèrè méjì péré. “Níbo lẹ ti wá?” “Ká ní kò sí bọ́ọ̀lù lónìí, kí lẹ bá fi owó yìí ṣe?” Ará Ìbàdàn tó bá ní òun ì bá jẹ sùyà ní Bódìjà, owó rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ibi tó jókòó sí ló yí padà. Alálejò tó wá láti Abẹ́òkúta torí ìgbéyàwó, tó kàn yà wo bọ́ọ̀lù, òun náà kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó wá torí bọ́ọ̀lù nìkan láti ìta ìlú ni owó rẹ̀ jẹ́ tuntun fún ìlú.

Bí ẹ bá ṣe èyí, iye yín á já wálẹ̀ gan-an. Kò burú. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń wo pápá ìṣeré ńláńlá tí wọ́n fi owó ìlú kọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ń rí ni pé owó tó ń wọlé fún ará ìlú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbérí látàrí rẹ̀. Ìdí kan náà ni: ará ìlú kan náà ló ń ná an.

Ẹ tún wo ohun tó ń jò. Jẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà, owó dẹkódà tó ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè: wọ́n ti gba ọwọ́ olókòwò wa kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò dúró.

Ti ọmọ tí wọ́n tà sókè òkun

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ariwo sílẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó ní ojú ewé tirẹ̀. Owó tí ọmọ wa ń gbà ní Tọ́kì tàbí Ítálì kò sí nínú GDP Nàìjíríà, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ni ín. Owó tó fi ránṣẹ́ sílé kò sí nínú GDP pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bó bá fi kọ́lé sí Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ bíríkìlà wọ̀ ọ́.

Ohun tó kan olókòwò ni owó tó ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó tọ́ ọmọ náà. Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn kí ìwé àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ọdún 12 sí 15 gba ìdá 0.25 lọ́dọọdún, ọdún 16 sí 23 gba ìdá 0.5. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agége tọ́ ọmọ ní ọdún 14, 15, 16 àti 17, tí wọ́n sì wá tà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò: ìdá 1.5 ni tirẹ̀, ìyẹn 150,000 yúrò. Láti 2022, FIFA Clearing House ló ń rí sí pínpín owó yìí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kò sí ìwé tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni tọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má béèrè iye ọmọ tí wọ́n ti tà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lónìí hàn yín. Iye ìwé tó wà nínú fáìlì yẹn ló ń sọ bóyá òwò ni wọ́n ń ṣe tàbí àdúrà.

Ìgbésẹ̀ keje: látọ̀dọ̀ iye dé ìdàgbàsókè

Ohun mẹ́ta ló ń ba ibí jẹ́.

Èkíní ni ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS ní iye owó nǹkan fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, òwò tí owó rẹ̀ fi ìdá 30 pọ̀ sí i ti ń rù ni. Ẹ ka búùtù, ẹ ka orí nínú ilé ìwòran, ẹ ka wákàtí tí wọ́n yá pápá. Bí Ìyá Búùtù bá ta búùtù 150 láàárín oṣù mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, tó sì ta 165 lọ́dún yìí, ìdá 10 ló fi dàgbà, ohun yòówù kí náírà sọ.

Èkejì ni ojú tó là sí i. Ní 2014, NBS tún GDP Nàìjíríà kà, wọ́n fi 2010 rọ́pò 1990 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpìlẹ̀, GDP sì fi ìdá 89 ga sí i. Kò sẹ́ni tó jí lówurọ̀ ọjọ́ kejì tó rí i pé owó òun ti pọ̀ sí i. Ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Bí ìkà yín ẹlẹ́ẹ̀kejì bá rí òwò 40 sí i, ẹ bi ara yín mélòó ló jẹ́ tuntun, mélòó ni ẹ kò rí nígbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ni yóò yà wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ìpín àti ìdàgbàsókè tí wọ́n máa ń dà pọ̀. Ìṣirò tí Àjọ Yúróòpù gbé jáde ní 2018, tó dá lórí ọdún 2012, fi hàn pé eré ìdárayá kó ìdá 2.12 nínú ọgọ́rùn-ún GDP wọn, ìyẹn bílíọ̀nù 279.7 yúrò, ó sì gba òṣìṣẹ́ mílíọ̀nù 5.67. Ìpín nìyẹn. Ohun tó fi kún ìdàgbàsókè ni ìpín tí a fi iye ìdàgbà tirẹ̀ ṣe ìlọ́po (ìpín × iye ìdàgbà). Bí eré bá jẹ́ ìdá 2 nínú ọrọ̀ ajé ìlú, tó sì fi ìdá 10 dàgbà, ìdá 0.2 péré ló fi kún ìdàgbàsókè gbogbo ìlú. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́.

Bóyá bọ́ọ̀lù ló fà á wá ni ìbéèrè tó le jù. Ìlú méjì ló ń dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ mú Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ ka òwò tó wà níbẹ̀ kí nǹkan tó yí padà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ka ti ìlú mìíràn tó jọ ọ́ ní iye èèyàn àti ní ọ̀nà, tí kò ní ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ìyípadà méjèèjì ló jọ ti bọ́ọ̀lù. Ẹ má mú Ìpẹru. Ó sún mọ́ Ìkẹ́nnẹ́ jù. Ẹni tó ń ta nǹkan lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù lè jẹ́ ará ibẹ̀. Ẹ má mú Ìlíṣàn náà, torí Yunifásítì Babcock wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan tó láti gbé ọjà dìde. Ẹ tún rántí pápákọ̀ òfuurufú Gateway tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru: bí òwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní Rẹ́mọ, ẹnikẹ́ni lè ní tòun ni. Ìlú kan níhà Ìjẹ̀bú, tó jìnnà díẹ̀ sí gbogbo ariwo yìí, ni mo máa mú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ṣe máa gbé e jáde

Ẹ má gbé iye kan ṣoṣo jáde. Ẹ sọ pé ó wà láàárín èyí àti èyí. Ẹ sọ agbo tí ẹ kà. Ẹ yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò, ẹ má sì ya máàpù tó máa fi ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni han agbowó-orí. Bí ilé ìwòran méjì péré bá wà ní òpópónà kan, ẹ da òpópónà yẹn pọ̀ mọ́ èkejì, torí ẹni tó ni ọ̀kan á yọ tirẹ̀ kúrò, á sì mọ ti èkejì.

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba tàbí rédíò, ẹ kọ́kọ́ gbé e padà lọ bá àwọn tí ẹ kà. Mo mú ìwé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Búùtù, mo ka tirẹ̀ fún un, láti orí àpò dé orí ọṣẹ. Kò sọ̀rọ̀ lórí gbogbo iye ńláńlá yẹn. Ìdí àwọn mẹ́wàá tó ya ló dúró sí. Ó ní, “Ṣé èmi náà ni mò ń sanwó ọkọ̀ wọn, tí mò ń rà wọ́n ní 4,000, tí mo wá ń tà wọ́n ní 1,500?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó mú páálí wá, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti gba aránbàtà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta.